Báwo Lo Ṣe Mọ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Wíwọn Ojú Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Fi Ń Wo Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì sọ nìyí, ní gbọ̀ngàn kan ní Sábó, Yábàá. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, àyàfi àwọn ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ kú ìrìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti Ìkòròdú àti Àgbádárìgì gbéra láti òwúrọ̀. Àwa tí a wá láti Bàríga níbí náà ò kúkú tètè dé.

N ò ní fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Inú lábù ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ practical kẹ́mísìrì ni, kíláàsì SS3. Burette, ọ̀pá dígí tó ní ìlà ìwọ̀n lára tó sì ń kán nídìí, wà lórí ìdúró, ásíìdì wà nínú ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ fi pipette, ọ̀pá dígí tí wọ́n fi ń fa omi, fa alkali tó jẹ́ òdìkejì ásíìdì sínú ìgò, ó kán methyl orange sí i, ìyẹn àró tó ń yí àwọ̀ padà bí ásíìdì bá dé, àwọ̀ rẹ̀ di yẹ́lò. Ó wá ń jẹ́ kí ásíìdì máa kán sí i díẹ̀díẹ̀, títí àwọ̀ yẹn fi yí padà. Ó ka burette, ó kọ iye ásíìdì tó lò sílẹ̀. Bí ìwé ṣe wí, kó tún un ṣe ló kàn. Ohun tí ọmọ wa máa ṣe gan-an ni pé ó máa na ọrùn sí tábìlì yín: “Sà, mélòó lẹ rí?”

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, torí ẹ mọ ọmọ náà.

Tí olùkọ́ bá rí 24.30, tí ọmọ rí 27.60, ẹ ò ní bá 27.60 nínú ìwé rẹ̀ láé. 24.20, 24.30, 24.40 lẹ máa bá níbẹ̀, iye mẹ́ta tó jọra bí ìbẹta. Àwọn ọmọ pàápàá ní orúkọ fún un: wọ́n ní àwọn “sè é” ni. Ẹ má sì yára nà wọ́n, torí orí wọn pé. Nínú ìdánwò àṣejáde, wọ́n máa ń béèrè iye tí olùkọ́ rí, òun ni wọ́n fi ń yẹ ti akẹ́kọ̀ọ́ wò. Kò burú, torí ásíìdì ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í le tó ti òmíràn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọmọ máa rí kọ́ níbẹ̀. Á gbà pé ọwọ́ Sà ni òótọ́ wà, iṣẹ́ tòun ni kóun sún mọ́ ọn.

Ó dáa. Ẹ wá fún ọmọ yẹn kan náà ní ìwé ìbéèrè lọ́la. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá rí ni kó kọ sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ bá ti ọ̀gá rẹ̀ mu.” Á máàkì “mo fara mọ́ ọn gan-an”. Kò sì parọ́ fún yín o. Ibi tí ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn aráyé ti ń gbìyànjú láti wọn nǹkan yìí, ìyẹn ojú tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo ìmọ̀. Ní Harvard, William Perry bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jókòó, ó ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lọ́dọọdún, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1970. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ olówó sì ni púpọ̀ wọn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ó ní tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lójú wọn, gbogbo ọ̀rọ̀ ò ju ‘ó tọ̀nà’ tàbí ‘kò tọ̀nà’ lọ, olùkọ́ ló sì mọ èyí tó tọ̀nà. Bó bá yá, wọ́n á ní kálukú pẹ̀lú èrò tiẹ̀. Àwọn kan a sì wá débi pé wọ́n lè gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò, kí wọ́n mú ìdúró kan, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ìbéèrè wá pọ̀ bí omi òjò. Rubba àti Andersen gbé oníbèérè 48 jáde ní 1978. Marlene Schommer gbé oní-63 jáde ní 1990. Ní 2004, AnneMarie Conley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe oní-26 fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wá níbẹ̀: ọ̀dọ̀ ta ni ìmọ̀ ti ń wá, ṣé ìdáhùn kan ṣoṣo ló máa ń wà, ṣé ohun tí a mọ̀ lónìí lè yí padà, àti kí ni a fi ń ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Kò sí èyí tó ṣàjèjì sí wa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ìmọ̀ ti ń wá, àwọn àgbà ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, wọ́n tún yíjú padà, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ti ìyípadà, ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ní ti ẹ̀rí, ìròyìn ò tó àfojúbà. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ Yorùbá ò lè ronú nípa irú nǹkan báyìí, àfi tí wọ́n bá kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n gan-an ló yẹ ká dúró lé lórí. Púpọ̀ nínú ìwé ìbéèrè wọ̀nyí ló ń lo ọgbọ́n tí Rensis Likert, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1932: wọ́n á kọ gbólóhùn kan, wọ́n á ní kí o sọ bí o ṣe fara mọ́ ọn tó. Ẹ máa ń rí i lára fọ́ọ̀mù báńkì, fọ́ọ̀mù ọsibítù, gbogbo ibi.

Ẹni tó bá ń ra gàrí ní Oyíńgbò mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ. Oníṣòwò kan lè fi òòlù tẹ ìdí kóńgò tiẹ̀ wọnú. Bó bá wọn gàrí fún ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, iye kan náà lo máa gbé lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò ní yẹ̀. Síbẹ̀ ó ti rẹ́ ẹ jẹ. Ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àwọn gbólóhùn inú ìwé ìbéèrè ń fohùn ṣọ̀kan, alpha ni wọ́n ń pè é, Lee Cronbach ló kọ̀wé lé e lórí ní 1951. Àwọn tó ń kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé wà níbí, mo rí yín. Ẹ ń wá 0.7, iye tí wọ́n sábà ń kà sí pé ó tó, kiri bí ẹni ń wá físà. Mi ò bá alpha jà. Ohun tó lè sọ fún yín ni pé kóńgò náà ò yẹ̀. Bóyá wọ́n ti tẹ ìdí ẹ̀ wọnú, ìyẹn ò sí lẹ́nu ẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi náà gbé kóńgò tèmi lọ sí kíláàsì JSS3 kan ní Múṣín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbólóhùn yìí: “Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ló jẹ́ òótọ́.” Ọmọkùnrin kan máàkì pé òun fara mọ́ ọn gan-an. Lójú mi, mo ti mọ irú ọmọ tó jẹ́: ẹni tó gba ìwé gbọ́ ní àgbàtán. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í máàkì ibi kan náà. Mo ti fẹ́ gba ìwé wọn kí n máa lọ, mo kàn ní kí n béèrè. Mo ní, kí ló dé?

Ọmọkùnrin ní: “Sà, tí kì í bá ṣe òótọ́, ìjọba ò ní jẹ́ kí wọ́n tà á.”

Ọmọbìnrin ní: “Mo ka ti ẹ̀gbọ́n mi náà mọ́ tèmi. Ibi tí mo kà, wọ́n bára mu.”

Ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín lára. Máàkì kan náà, àmì kan náà ni wọ́n máa gbà. Ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́ aláṣẹ, èkejì lọ wá ẹlẹ́rìí kejì. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó kọ̀. Ọ̀kan ní òun ò fara mọ́ ọn torí ìwé ní ara ọ̀bọ la ti jáde, pásítọ̀ àwọn sì ti ní irọ́ ni. Òmíràn ní ìwé kan ní plánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ló ń yí oòrùn ká, ìkejì ní mẹ́jọ, àwọn méjèèjì ò sì lè tọ̀nà pa pọ̀. Ẹ̀yin mọ̀ pé ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ pàdé ní Prague tí wọ́n yọ Pluto kúrò nínú wọn. Ìwé àtijọ́ ni ọmọ yẹn jogún. Nínú ìwé mi, ọmọ pásítọ̀ àti ọmọ Pluto, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Tí mo bá gbé e lọ síbi kọ̀ǹpútà, á ní àwọn méjèèjì ti gòkè àgbà nínú ìrònú sáyẹ́ǹsì.

Ohun tó mú kí Glen Aikenhead àti Alan Ryan ní Kánádà yí ọgbọ́n padà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwé ìbéèrè tiwọn, èyí tí wọ́n kọ̀wé lé lórí ní 1992, wọn ò fi èrò ara wọn ṣe àwọn ìdáhùn tí ọmọ máa mú nínú ẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni wọ́n tò síbẹ̀. Norman Lederman àti àwọn tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní tiwọn fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, wọ́n á wá pe àwọn kan nínú wọn jókòó, wọ́n á ní: kí lo ní lọ́kàn níbí? Iṣẹ́ ńlá ni. Kò sì rọrùn láti fi ṣe gráàfù.

Mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó wàyí. Ìṣòro tó ká mi lára jù, èdè wa ló fi hàn mí.

Mo ní kí n tú ìwé ìbéèrè sí Yorùbá kó lè yé àwọn ọmọ. Mo kọ ọ́ síwájú pé: “Kí ni ìgbàgbọ́ rẹ nípa sáyẹ́ǹsì?” Ọmọ àkọ́kọ́ dáhùn pé, “Onígbàgbọ́ ni mí, sà.” Ọmọ tó tẹ̀ lé e ká ojú kò, ó ní, “Mùsùlùmí ni èmi.” Mo káwọ́ lérí. Ní Èkó níbí, ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ wa lọ́wọ́.

Àmọ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé, ọ̀rọ̀ náà ti ní ìwọ̀n tirẹ̀. Barry Hallen àti Olúbí Ṣódípọ̀, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Ifẹ̀, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n ní kí wọ́n là á yé wọn: kí ni ìmọ̀, kí ni ìgbàgbọ́? Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1986. Ohun tí àwọn bàbá yẹn sọ mọ́lẹ̀ kedere. Ìmọ̀ ni ohun tó ṣojú ẹ, tí ìwọ fúnra ẹ jẹ́rìí sí. Ìgbàgbọ́ ni ohun tí o gbọ́ lẹ́nu ẹni tí o sì gbà: a gbọ́, a gbà. Ohun tí o gbà gbọ́ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí o bá dán an wò tó sì ṣojú ẹ, ó di ìmọ̀. Kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ máa ń ṣe ládùúgbò. Tí ẹnìkan bá ní “mo mọ̀ pé lágbájá ló jí i,” ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi í ni: ṣé ó ṣojú ẹ?

Ẹ fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ. Ayé ń yí oòrùn ká. Ta ló ṣojú ẹ̀ níbí? Átọ́ọ̀mù ní elẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ṣé ó ṣojú yín, ẹ̀yin fásìtì? Lójú àwọn oníṣègùn Èkìtì, ìgbàgbọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ ọmọ tó ń kà á, a sì tún ń pe àwọn tó ń ṣe é ní onímọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìbéèrè á ní ìmọ̀ kì í ṣe ohun àfojúrí nìkan, ọmọ tó bá kọ̀ á gba odo. Ní Yorùbá, ọmọ tó bá kọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn mọ èdè bàbá rẹ̀ dáadáa ni.

Èyí tí mo tún kọsẹ̀ lé ni gbólóhùn tó ní ‘kò’ nínú. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìbéèrè fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n ní kì í jẹ́ kí ọmọ máa máàkì láìronú. Àmọ́ tí mo bá bi Yorùbá pé “Ṣé kò lè yí padà?”, tó sì ní “Bẹ́ẹ̀ ni”, ohun tó ń sọ ni pé lóòótọ́, kò lè yí padà. Òyìnbó á fi ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ tiẹ̀ sọ ohun kan náà. Ẹ wá ní kí ọmọ JSS3 sọ bóyá òun kò fara mọ́ ọn pé ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ kò lè yí padà. Èmi tí mo kọ ọ́ ní láti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún wo ti ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Òkè Pópó níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi, kì í wo gbólóhùn tí àgbàlagbà kọ kó ní òun ò fara mọ́ ọn rárá. “Rárá” yẹn ti le jù. Ó máa rọra máàkì àárín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbémiró Jẹ́gẹ́dẹ́ kọ̀wé ní 1995 nípa bí ọmọ Áfíríkà ṣe máa ń gbé àlàyé méjì sórí kan ṣoṣo, ti ilé àti ti ilé-ìwé, tí ọ̀kan ò sì lé èkejì jáde. N ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n nílé. Nínú ìdánwò físíìsì, mànàmáná jẹ́ iná tó ń ti inú ìkùukùu fò. Tí òjò bá ṣú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí àrá ń sán, ọmọ kan náà ló máa sáré fi aṣọ bo dígí yàrá. Èmi náà ń bò ó.

Kí wá ni ká ṣe? Ọ̀nà kan tí mo ti gbìyànjú ni pé kí a má bi ọmọ nípa sáyẹ́ǹsì lófìfo, kí a fún un ní ìtàn kan tó ní eegun, kí a wo ibi tó máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ìtàn tí mo sì ń lò, adúgbò yìí ló ti ṣẹlẹ̀. Ní 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá lábù kan sílẹ̀ ní Yábàá níbí láti wá ìdí ibà pọ́njú. Ṣáájú ìgbà náà, Hideyo Noguchi, ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, ti lọ sí Ecuador ní 1918, ó wo ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, ó rí kòkòrò kan tó lọ́ bíi síkúrù, ó ní òun ti rí ohun tó ń fa ibà náà. Wọ́n tilẹ̀ ti fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ti lábù Yábàá wá kòkòrò yẹn tì. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí, wọ́n fà á sára irú ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà kan, àìsàn náà mú ọ̀bọ. Wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ náà nínú asẹ́ tó ń dá púpọ̀ nínú bakitéríà dúró, ó ṣì ń pani: fáírọ́ọ̀sì ni. Ara Asibi yá. Adrian Stokes, dókítà ará Ireland tó wà nídìí iṣẹ́ náà, kó àìsàn yẹn. Orí ibùsùn ló ti ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, kí wọ́n lè fi ọ̀bọ dán an wò. Èkó ló kú sí, ní September 1927. Noguchi fúnra rẹ̀ gbéra wá sí Accra láti fi hàn pé òun ò ṣìnà. Ibà pọ́njú pa á níbẹ̀ ní May 1928. Irú fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni Max Theiler tọ́ títí tó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gún fún yín kí ẹ tó gba káàdì yẹ́lò ní pápákọ̀ òfurufú.

Mo máa ń sọ ìtàn yìí tán, n ó wá bi kíláàsì ní Yorùbá pé: ohun tó wà lọ́wọ́ Noguchi, ṣé ìmọ̀ ni àbí ìgbàgbọ́?

Ẹ ẹ́ gbọ́ ariwo! Nígbà kan, ọmọkùnrin kan dìde, ó ní ìmọ̀ ni, torí ó fojú ara ẹ̀ rí kòkòrò. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ojú ló tàn án. Àkọ́kọ́ ní rárá o, ojú ò tan ẹnikẹ́ni, kòkòrò wà níbẹ̀. Òun ló sì jàre, torí kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́: èyí tó ń fa àìsàn kan tí a ń kó láti ara ìtọ̀ eku ni, àìsàn náà sì máa ń sọ ojú di yẹ́lò. Ó dà bíi pé aláìsàn tó yàtọ̀ ló bọ́ sí Noguchi lọ́wọ́. Theiler àti Sellards tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi hàn ní 1926 pé kòkòrò Noguchi àti ti àìsàn ìtọ̀ eku yìí, ọ̀kan náà ni. Ó ṣojú ẹ̀, àmọ́ ohun mìíràn ló ṣojú ẹ̀.

Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní ọjọ́ yẹn sílẹ̀, èmi pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Ojú-ewé mẹ́rin ni. Mo mọ àwọn ọmọ yẹn láti inú ojú-ewé mẹ́rin yẹn ju inú gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ti pín lọ.

Nígbà tí mo sọ dé ibí ni ìyá kan láti Agége nawọ́. Wọ́n ní: “Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ọmọ 90 ló wà ní kíláàsì mi. Èwo ni màá jókòó tì nínú wọn?”

Mo ní, mà, ẹ má jókòó ti 90. Ẹ mú márùn-ún ní táàmù kan, ẹ fi wọ́n sínú ọ̀rọ̀. Fún àwọn yòókù, ẹ ṣáà fi ìlà kan kún ìwé practical, lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ titre, ìyẹn iye ásíìdì tí wọ́n lò: “Kí ló dé tí iye rẹ fi rí báyìí?” Kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ ò ní yọ máàkì lọ́wọ́ ẹni tí iye rẹ̀ bá jìnnà sí tiyín, bó bá ti sọ ìdí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, gbogbo kíláàsì kọ ohun kan náà síbẹ̀: “Torí mo fara balẹ̀.” Wọ́n ti wo ti ara wọn. Táàmù kejì náà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Táàmù kẹta, èmi rí 24.30, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì kọ 26.80. Ó kọ sábẹ́ ẹ̀ pé: “Burette tèmi ń jò nídìí. Mo gbé ife ìwọ̀n sábẹ́ ẹ̀ títí mo fi parí, ohun tó jò tó 2.4. Ẹ wá wò ó.”

Mo lọ wò ó. Ó ń jò.